Adenoid: Ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn imú ọmọdé

Tí dókítà bá ní adenoid ọmọ yín ti wú, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ọ́, ìbéèrè méjì ló máa ń wá sọ́kàn òbí: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ara ò sì nílò ẹ̀ ni?

Adenoid jẹ́ ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn imú, lókè ọ̀fun. Kódà tí ọmọ bá la ẹnu gbàgà, ẹ ò lè rí i. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí X-ray ni dókítà fi ń wò ó. Òun àti tonsil wà lára òrùka Waldeyer, tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ ọmọ Jámánì tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1884 pè.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Afẹ́fẹ́ tí a bá fi imú fà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ ò tẹ́jú rárá, ó ṣẹ́ po bíi gèlè, kí kòkòrò lè rí ibi há sí. Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní M cell wà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti gbá antigen mú, ìyẹn ohun tí ara fi ń dá àlejò mọ̀, kó sì gbé e wọlé fáwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dúró nísàlẹ̀. Àwọn yẹn á fi han T cell. B cell á wá ṣe èròjà ìjà, pàápàá IgA, tó ń bá ikun imú jáde. Àwọn kan á sì rántí kòkòrò náà dọjọ́ mìíràn.

Ọmọdé ló ń pàdé kòkòrò tuntun jù, ìdí nìyẹn tí adenoid fi máa ń tóbi jù láàárín ọdún 3 sí 7. Tó bá yá, á súnkì.

Ìgbà wo ló di wàhálà?

Tó bá tóbi jù, ó lè dí imú, kí ọmọ máa fi ẹnu mí, kó máa hanrun. Ó tún lè fa omi sínú etí, kí ọmọ má gbọ́ràn dáadáa. Ẹ má sọ pé oorun ló dùn mọ́ ọn. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Tí wọ́n bá yọ ọ́, ara ṣì ní àwọn ọdẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń yọ lásán: ìwádìí Pearay Ogra ní 1971 fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n yọ tonsil àti adenoid àwọn ọmọ kan, IgA tó ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dín kù lẹ́yìn imú wọn.

Torí náà, ẹ bi dókítà: ṣé mímí tàbí ìgbọ́ràn ọmọ ló ń dí lọ́wọ́, àbí a ṣì lè ní sùúrù?