Ilé Ọtí àti Ìfọkàntán Ará Ìlú: Ìtàn Òfin Kónílé-ó-gbélé ní Abúlé Ẹ̀gbá

Ó ṣeé ṣe kí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò béèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nílé ọtí, àti pé nínú gbogbo ohun tí àrùn Kòrónà bà jẹ́ ní 2020, ṣé ọ̀rọ̀ ọtí ni ó yẹ kí á máa rò. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ tèmi, ilé ọtí sì wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń dàgbà láwùjọ wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà àjàkálẹ̀-àrùn, àwìn ni ìjọba ń rà lọ́wọ́ ará ìlú. Ó ń gba ìgbọràn lónìí, ó sì ń ṣèlérí ìlera àti ìtọ́jú lọ́la. Ẹni tí kò san àwìn àná, ó ṣòro fún un láti rí tòní gbà.

1. Ohun tí ilé ọtí jẹ́

Ìtàn ìwáṣẹ̀ wa kò bo àbùkù ọtí mọ́lẹ̀. A gbọ́ pé ẹmu ni Ọbàtálá mu yó tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Síbẹ̀, àwọn baba wa mọ̀ pé ọtí nìkan kọ́ ni ó ń kó ènìyàn jọ sí ìdí agbè. Nínú ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutuola tẹ̀ jáde ní 1952, nígbà tí adẹ́mu ọkùnrin náà wà láàyè, ọ̀rẹ́ kì í wọ́n nílé rẹ̀. Nígbà tí adẹ́mu kú, tí ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ náà fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbéra lọ wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú. Láti 1949 tí ilé-iṣẹ́ ọtí ìgbàlódé ti gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, ìsọ̀ ẹlẹ́mu ti ní àbúrò tí a ń pè ní bíà pálọ̀.

Abúlé Ẹ̀gbá wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ abúlé, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ti gbé e mì tipẹ́. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni awakọ̀, mẹkáníìkì, bíríkìlà, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń bá níbẹ̀: ọtí, ìròyìn, àti àwìn.

Ìròyìn tí rédíò bá sọ, ibẹ̀ ni a ti ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹnìkan á ní irọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní àbúrò òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún òun pé òótọ́ ni. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ nílé ọtí, a mọ ojúlé rẹ̀, a sì lè bi í lọ́la.

Àwìn ní tirẹ̀ jẹ́ ìdánwò ìwà. A máa ń rí pátákó tí a kọ ọ́ sí pé kò sí àwìn lónìí, kí oníbàárà padà wá lọ́la. Ọ̀la náà kì í sì í dé. Síbẹ̀, ìyá ọlọ́tí tó gbé pátákó yẹn kọ́ ní ìwé kékeré kan nípamọ́, tí orúkọ àwọn tó ń sanwó lópin oṣù wà nínú rẹ̀. Kò sí lọ́yà, kò sí adájọ́. Ẹni tó san tàná ni ó ń mu tòní. Ìwé kékeré yẹn ni mo fẹ́ kí á fi sọ́kàn.

2. Gbèsè àtijọ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àwọn èrò tí àrùn Infulúẹ́ńsà wà lára wọn. Ìjọba amúnisìn ti ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn, ó sì ń rán àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kiri láti ojúlé dé ojúlé. Lójú dókítà, ìwádìí ni èyí. Lójú ará ìlú, wolé-wolé tó ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí ìdọ̀tí àná ni ó tún wá gbé aláìsàn lọ lónìí. Àwọn kan fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò ní Èkó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sá ni àrùn náà gbà dé ọ̀pọ̀ ìlú. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó bá a lọ ní Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé àìfọkàntán náà gbé àrùn kiri, bí èémí ti ń gbé e.

Nígbà tí àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni àjọ LEDB tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún àdúgbò tó há gádígádí ṣe. Nínú àtúnṣe náà ni a ti wó ilé onílé. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó rí kọ́ ni pé bí ìjọba bá dárúkọ àrùn, kí onílé yáa di ilé rẹ̀ mú.

Abúlé Ẹ̀gbá ní gbèsè tirẹ̀ tí ó ń retí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2006, ọ̀pá epo bẹ́ níbẹ̀, iná sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tó ń bu epo. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2020, ọ̀pá epo tún gbiná ládùúgbò náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí Kòrónà fi dé. Àwọn tí a fẹ́ ní kí wọ́n gbà pé ìjọba ń ṣọ́ ẹ̀mí wọn ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

3. Àwìn tuntun

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé ní àrùn náà. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Buhari kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Abuja; Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Abúlé Ẹ̀gbá rárá, gba àyè títí di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Láti orí ọ̀sẹ̀ méjì, ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí ìjọba dẹ òfin náà díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, ilé ọtí kò sí lára ohun tí a ṣí.

Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, títi ilé ọtí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó ń mutí kò lè lo ìbòmú, ohùn rẹ̀ ń ròkè bí ìgò ti ń pọ̀, ó sì ń fara kan ẹnìkejì. Àrùn náà kì í ṣe àròsọ: ó lé ní 3,000 ènìyàn tí àkọsílẹ̀ ìjọba gbà pé ó pa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́tí kò ní owó oṣù. Owó tó pa lánàá ni ó fi ń se ọbẹ̀ òní, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ̀ kò sì rí iṣẹ́ òòjọ́ tí wọn yóò fi san án. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Láàárín oṣù kẹrin, ìbẹ̀rù olè gba Agége, Ìyànà-Ìpájà, Abúlé Ẹ̀gbá títí lọ dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tí òfin ní kí wọ́n má kóra jọ wá ń kóra jọ lóru, wọ́n ń dáná sun táyà lẹ́nu àdúgbò, wọ́n ń fi igi àti àdá ṣọ́ ojúlé wọn. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ òfin. Bí olè bá dé, aládùúgbò ni wọ́n fọkàn sí pé yóò wá, kì í ṣe ọlọ́pàá. Láàárín oṣù náà ni Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn kéde pé agbófinró ti pa ènìyàn 18 nídìí òfin náà. Iye yìí ju iye tí àrùn náà fúnra rẹ̀ ti pa ní Nàìjíríà lọ títí di ìgbà yẹn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, wọ́n sin Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ tí àrùn náà pa, ní Abuja. Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà, wọ́n sì fún mọ́ra wọn débi pé ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Kòrónà gbà ní gbangba pé a rú òfin. Nínú oṣù kẹjọ, ìjọba Èkó gbà kí ilé oúnjẹ àti kíláàbù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣí pẹ̀lú ìlànà, ṣùgbọ́n ilé ọtí wà ní títì. Mo mọ ohun tí a lè fi gbè é lẹ́sẹ̀: kíláàbù ní àyè, ó ní ìwé orúkọ, ó ní akọ̀wé. Lójú ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ohun tí ó rí ni pé ọtí olówó kò ní àrùn nínú.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, nígbà ìrúkèrúdò EndSARS, àwọn èrò já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pínpín ni a ṣì ń pín in lọ, àti pé a fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Àlàyé náà lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n onígbèsè tó ti sá fúnni fún oṣù mẹ́fà, bí a bá bá owó lápò rẹ̀, ta ni yóò gbà pé ó ń bọ̀ wá san án? Nítorí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún pàṣẹ ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá pé kí á ti ilé ọtí, ìwé àwìn ti kún. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn iwájú ni a tì, tí tẹ̀yìnkùlé sì wà ní ṣíṣí.

4. Kì í ṣe tiwa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àléébù aláwọ̀ dúdú ni mo ń tò sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ilé ọtí tì ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2020, kò sì ṣí títí di ọjọ́ 4 oṣù keje. Àwọn ènìyàn gbọ́ràn, nítorí ìjọba wọn san lára owó oṣù àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró. Ìyẹn ni sísan àwìn. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ọtí ń ṣàn nínú ọ́fíìsì àwọn tó ṣe òfin gan-an. Ìwé ìtanràn 126 ni ọlọ́pàá London pín, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà sì gba tirẹ̀ ní 2022. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ipò sílẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí a ti ilé ọtí, ọ̀rọ̀ kò dákẹ́. Orí fóònù ni ó kó lọ. Níbẹ̀, ohùn ẹni tí a kò mọ̀ rí ń sọ pé àìsàn olówó ni Kòrónà, pé ọtí líle ń pa á, kò sì sí àgbàlagbà kan nítòsí tí yóò ní, “Ìwọ, ta ló sọ fún ọ?” Ìjọba ti ibi tí a ti ń purọ́ pa, ó sì ti ibi tí a ti ń já irọ́ pa pẹ̀lú.

Àjàkálẹ̀-àrùn mìíràn yóò dé. Ìtàn 1918 àti 2020 kò jẹ́ kí á ṣiyèméjì. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ó bá tún di dandan kí á ti ilé ọtí, kí á kọ́kọ́ pe àwọn onílé ọtí àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò jókòó, kí ọ̀rọ̀ ti ẹnu ẹni tí a mọ̀ jáde. Kí òfin bẹ́ǹṣì àti òfin kíláàbù jẹ́ ọ̀kan náà. Kí á lẹ iye oúnjẹ tí a kó jọ àti iye tí a pín mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Kò sí èyí tó le jù nínú rẹ̀ fún ìjọba tó lè ti ìlú Èkó pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ìfọkàntán kì í ṣe ohun tí à ń pàṣẹ rẹ̀ lórí rédíò. Láàárín ọdún tí kò sí àrùn ni à ń san án, díẹ̀díẹ̀: ọ̀pá epo tí a tún ṣe, ọlọ́pàá tó dáhùn ìpè, ìlérí tó dé. Ìyá ọlọ́tí mọ èyí láìlọ sí yunifásítì. Kó tó rọ ìgò kejì, á kọ́kọ́ ṣí ìwé rẹ̀ wò.