Pásítọ̀: Bí Ọ̀rọ̀ Látìnì Kan Ṣe Ti Pápá Ẹran Dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ṣàjèjì sí ọmọdé kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú olókè tí a sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì ní Ìjerò àti Àràmọ̀kọ: ọ̀rọ̀ náà ni pásítọ̀. Ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìjọ ni ó ń darí, òun ni ó ń wàásù, òun ni ó ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya, òun náà ni ó ń dúró létí sàréè. Kò sì sí ẹni tí ó ń retí pé kí ó ní àgùntàn kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Róòmù tí ó ni ín, pastor kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe darandaran, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe pascere, èyí tí í ṣe pé kí a da ẹran jẹ̀. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ àwọn darandaran Róòmù, nítorí náà iṣẹ́ ẹrú gan-an ni wọ́n rán ọ̀rọ̀ yìí, kí ó tó di pé Bíbélì Látìnì lò ó fún àwọn tí ń tọ́jú ọkàn ènìyàn, tí ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò tèmi ni pé nínú èdè kọ̀ọ̀kan tí pastor wọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá nílé ni ó pín iṣẹ́ fún un. Ní Sípéènì, Ítálì àti Pọtogí, níbi tí Látìnì fúnra rẹ̀ ti di èdè ìyá, kò sí ẹni tí ó lé e kúrò nídìí ẹran: darandaran ni pastor títí di òní, olórí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni pẹ̀lú, débi pé ajá Jámánì tí àwọn ọlọ́pàá ń fà kiri, pastor náà ni ará Sípéènì ń pè é. Ti Faransé ni ó dùn jù lọ. Èdè Faransé àtijọ́ a máa yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà bí ó bá ṣe olùwà tàbí àbọ̀ nínú gbólóhùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ìbejì fún wọn: pastor tí í ṣe olùwà di pâtre, pastorem tí í ṣe àbọ̀ di pasteur. Pâtre dúró sórí òkè pẹ̀lú àwọn ẹran. Ṣùgbọ́n berger, ọmọ Látìnì mìíràn, ti gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu ojoojúmọ́. Pasteur ní tirẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run, ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì nìkan, nítorí curé ni Àgùdà ń pe tiwọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ àbínibí tiwọn fún olùṣọ́-àgùntàn kí àwọn Nọ́mánì tó dé, nítorí náà ọkàn ènìyàn nìkan ni pastor rí tọ́jú níbẹ̀. Ní àríwá Jámánì, olórí ìjọ Lùtérà ni Pastor, ṣùgbọ́n lẹ́bàá odò Ráìnì, fádà Àgùdà náà ń jẹ́ ẹ. Bí ènìyàn bá tún sọdá ẹnubodè sí Họ́láǹdì, pastoor ti di ti Àgùdà pátápátá. Dominee ni ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, ọ̀rọ̀ tí òun náà ti inú Látìnì wá, láti ara igbe tí ẹrú fi ń pe ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹ ti rí i, ẹrú àti ọ̀gá ti pàṣípààrọ̀ aṣọ láàárín ìlú méjì tí wọ́n múlé gbe ara wọn.

Kì í ṣe ẹnu àwọn Òyìnbó tí ó ṣàkóso wa rí nìkan ni tiwa ti wá. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àwọn aládùúrà Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia, èyí tí Pastor Ambrose Clark jẹ́ olórí rẹ̀. Ní 1931 ni àwọn pásítọ̀ Ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Èkó, ọdún kan lẹ́yìn ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà, tí Babalọlá ti gba ibẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí àwọn kan yapa, tí wọ́n sì gba orúkọ Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì ní 1943, oyè náà bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ó bá. Ní Èkìtì, àgùntàn a máa wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọgbà, kò sí ẹni tí ń dà á. Ipò darandaran kò sì sí nílẹ̀ fún àlejò láti gbà. Nínú ìsìn ẹ̀wẹ̀, àlùfáà ti jókòó, tí àwọn Mùsùlùmí kọ́kọ́ ń jẹ́, tí Bíbélì Yorùbá sì gbé fún àwọn ọmọ Léfì, tí àwọn Áńgílíkà wá fi ń pe tiwọn. Fádà jẹ́ ti Àgùdà. Wòlíì, tí ó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ Ọlọ́run lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ti di ti aríran, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó ń pe Babalọlá ní pásítọ̀ lásán. Àlàfo tí ó kù láàárín wọn, ti Onítẹ̀bọmi àti ti àwọn aládùúrà, ni pásítọ̀ jókòó sí. Láyé òde òní, Ìjọ Rìdíìmù ti sọ ọ́ di oyè tí agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ báńkì lè gbà láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ Nàìjíríà láti 2015 sí 2023, pásítọ̀ ni.

Ìlò tí ó yani lẹ́nu jù ni ti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilehou Oshoffa, káfíńtà, dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Ẹni tí ń bójú tó ìjọ kan ní àdúgbò kan, shepherd ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn gan-an. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo lórí gbogbo ìjọ náà jákèjádò ayé. Nígbà tí ìròyìn kàn ní 1985 pé Pásítọ̀ ti papò dà, kò sí ọmọ ìjọ náà tí ó ní láti béèrè pé pásítọ̀ ti ìlú wo. Ará Ẹ̀fọ̀n ni yóò béèrè bẹ́ẹ̀.