Ilé Là Ń Wò: Ìgbéyàwó àti Káàsì Nínú Ìtàn Àròsọ Íńdíà

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan ṣe rí nínú ilé lásìkò ìbí ni òwe yìí ń tọ́ka sí. Kò sọ ibi tí ọmọ yóò dé láyé. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Abíọ́nà lè di adájọ́, ó sì lè di awakọ̀. Nínú ìtàn àròsọ ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ: ilé ti yan iṣẹ́ fún ọmọ, ó ti yan kànga tí yóò ti máa pọnmi, ó sì ti yan àwọn tó lè bá ṣe àna. Nínú gbogbo rẹ̀, mo gbà pé ìgbéyàwó ni òpó tó gbé káàsì, ìyẹn ètò tó pín èèyàn sí ìpele nípa ìran tí wọ́n bí i sí, ró. Èèyàn lè pààrọ̀ iṣẹ́, ó sì lè fi orúkọ ìdílé pamọ́ sí ìlú ńlá, ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ṣì ń fẹ́ ẹni tirẹ̀ nìkan, káàsì kò lọ síbì kankan. Ambedkar, tí wọ́n bí sínú àwọn tí wọ́n kà sí aláìṣeéfọwọ́kàn, ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1936 nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Lahore. Àwọn tó pè é ka ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, ni wọ́n bá fagi lé ìpàdé. Òun náà fowó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ wo Pookkuli, ìwé tí Perumal Murugan kọ lédè Tamil. Kumaresan, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, gbé Saroja níyàwó láìsọ fẹ́nì kan, ó sì mú un wálé. Kí ìyàwó tó jókòó, àwọn ará abúlé ti ń wo àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ń bi í pé ìran wo ló ti wá. Ìyá ọkọ bú sẹ́kún arò bí ẹni tó ṣòfò ọmọ. Síbẹ̀, Murugan kò dárúkọ káàsì ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, nítorí òǹkàwé kò ráyè sọ pé àwọn kan báyìí ló ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Híńdù lásán ni. Ìwé Arundhati Roy, The God of Small Things, tó jáde ní 1997, já èyí ní koro. Ìdílé Kìrìsìtẹ́nì ni Ammu ti wá, bàbá bàbá Velutha gbẹ́nàgbẹ́nà náà sì ti gba ìgbàgbọ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìṣeéfọwọ́kàn bíi tirẹ̀. Nígbà tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì hàn síta, ọlọ́pàá lu Velutha pa. Ẹlòmíràn yóò ní àwa Yorùbá pàápàá ń ṣèwádìí kí a tó fọmọ fọ́kọ. Òótọ́ ni, ìwádìí wa sì máa ń dójú ti ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ara ohun tí à ń wá ni bóyá àwọn méjèèjì bá ara wọn tan, kí a lè kọ̀. Káàsì ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ìran kan náà kó tó gbà.

Òfin ńkọ́? Láti 1954 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Íńdíà kan ti gbà kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹnikẹ́ni, láìka ẹ̀sìn tàbí káàsì sí. Àmọ́ òfin náà ní kí wọ́n lẹ ìkéde ìgbéyàwó náà mọ́ ọ́fíìsì aforúkọsílẹ̀ fún 30 ọjọ́, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè wí tẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ̀lẹ́bí tó ń lépa tọkọtaya ti lè rí orúkọ wọn kà.