Ẹni Tí A Kò Yàn: Ìtàn Akọni Tó Ń Di Abánidíje Nínú Géèmù

Bí ọmọ bá gbọ́ ìtàn ogun Òwu lẹ́nu àgbà kan ní Ararọ̀mí-Òwu, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, akọni inú ìtàn náà ni àwọn jagunjagun tó fi àgédéǹgbé ṣọ́ odi ìlú wọn. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ará Ifẹ̀ tàbí ará Ìjẹ̀bú, akọni ni àwọn tó dó ti ìlú náà títí tó fi tú. Ogun kan náà ni, ọjà kan náà ló sì dá a sílẹ̀. Ibi tí olùgbọ́ jókòó sí ló ń sọ ẹni tó máa pè ní akọni àti ẹni tó máa pè ní ọ̀tá.

Irú géèmù kan wà tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ọmọdé lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀dá ìtàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn án, wọ́n á ní kó mú ọ̀kan. Èyí tó mú ni yóò máa darí. Èyí tó fi sílẹ̀ kò ní pòórá: yóò ní ilé tirẹ̀, òbí tirẹ̀ àti ìrìn àjò tirẹ̀, yóò sì máa pàdé ẹni tí a mú lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí abánidíje. Bí ọmọ náà bá tún eré bẹ̀rẹ̀, tó sì mú ẹnìkejì, ipò á yí padà, akọni àná á di abánidíje òní. Ìtàn bí ọgbọ́n yìí ṣe wọ inú géèmù ni mo fẹ́ sọ, àti ìdí tó fi yẹ kó kan àwa tí ogun Òwu kọjá ní ilẹ̀ wa.

Ìgbà tí akọni kò ju ẹyọ kan lọ

Orí tábìlì ni géèmù akópa, tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta RPG pè kárí ayé, ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Olúkúlùkù ló ń dá ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń darí eré ni gbogbo ọ̀tá wà.

Nígbà tí eré náà di ti ẹ̀rọ, àǹfààní láti yàn dín kù. Nínú Dragon Quest, tó jáde ní Japan ní 1986, akọni kan ṣoṣo ló wà, òun náà ni gbogbo ènìyàn ń darí. Nínú Final Fantasy ti 1987, òṣèré lè yan iṣẹ́ tí akọni mẹ́rin rẹ̀ ń ṣe, bóyá jagunjagun ni tàbí onídán, síbẹ̀ ọ̀tá kan náà ló ń dúró de gbogbo wọn.

Pokémon Red àti Green, tí ilé iṣẹ́ Game Freak ṣe fún ẹ̀rọ Game Boy, jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1996. Abánidíje wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọmọ-ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oak ni, ará àdúgbò akọni. Ọmọkùnrin ni akọni, ọmọkùnrin ni abánidíje, kò sì sí ẹni tó lè pààrọ̀ wọn. Pokémon Crystal ti oṣù kejìlá ọdún 2000 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a lè mú ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọmọkùnrin, ọmọbìnrin yẹn kò sí níbì kankan nínú eré mọ́. Ẹni tí a kò yàn kò ní ìtàn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn

Géèmù ìjà ló ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà kan hàn. Nínú Street Fighter tí Capcom ṣe ní 1987, Ryu ni ẹni àkọ́kọ́ ń darí, Ken ni ẹnìkejì ń darí. Nígbà tí Street Fighter II dé ní 1991, oníjà mẹ́jọ ló wà lójú ẹ̀rọ fún yíyàn, èyí tí a kò sì mú nínú wọn yóò dúró dè wá kí a wá bá a jà. Àmọ́ ìjà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìtàn kò tó nǹkan.

Ilé iṣẹ́ Square ló gbé e wọ inú géèmù akópa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, wọ́n gbé Live A Live jáde, Takashi Tokita ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn akọni méje, ní ìgbà àti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni a ó kọ́kọ́ ṣe tán. Lẹ́yìn náà ni ti Oersted, jagunjagun olóòótọ́ kan tí àwọn ènìyàn dalẹ̀ tí wọ́n sì kẹ̀yìn sí, títí ọkàn rẹ̀ fi dúdú tó sì di ọ̀tá gbogbo ayé. Ní orí tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí a yan ẹni tí a fẹ́ darí, Oersted náà sì wà lára àwọn tí a lè mú. Ẹni tó bá mú un yóò wọ ara àwọn ọ̀tá inú àwọn ìtàn tó ti kọjá, yóò sì máa bá àwọn akọni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí jà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, Square tún gbé Seiken Densetsu 3 dé, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Trials of Mana. Akọni mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ni a ó mú. Riesz jẹ́ ọmọ ọba ìlú kan tí àwọn ará Nevarl kó ogun jà, ọmọ Nevarl sì ni Hawkeye. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Riesz yóò wo Nevarl bí ibùgbé ìkà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hawkeye yóò rí i pé àjèjì aláfọ̀ṣẹ kan ló gba ọkàn olórí wọn. Àwọn mẹ́ta tí a kò mú ṣì ń rìn kiri ayé náà, a sì máa ń bá wọn pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ilé kejì ní Hoenn

Láti ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ọmọdé káàkiri ayé mọ̀. Ọjọ́ náà ni Pokémon Ruby àti Sapphire, tí ìtàn wọn wáyé ní ilẹ̀ Hoenn, jáde ní Japan fún Game Boy Advance. Ẹ̀dá ìtàn méjì ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà: ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Yūki ní Japan àti Brendan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Haruka tàbí May.

Ohun tó jẹ́ kí ètò yìí dùn ni bí ó ṣe gbé àwọn méjèèjì ka inú ilé. Ẹni tí a bá mú di ọmọ Norman, olórí àwọn oníjà ìlú Petalburg, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Littleroot pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹni tí a kò mú di ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Birch, onímọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹ̀dá Pokémon nínú igbó, ilé wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àní bàbá wọn ń yí padà nítorí yíyàn wa. A ó wọ ilé aládùúgbò, a ó kí ìyá ibẹ̀, a ó gun òkè lọ sí yàrá ọmọ náà, ibẹ̀ ni a ó sì ti kọ́kọ́ mọra.

Lẹ́yìn èyí ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá Pokémon mẹ́ta ni a ó ti mú ọ̀kan kí ó máa jà fún wa: Treecko ti ewéko, Torchic ti iná àti Mudkip ti omi. Omi ń pa iná, iná ń jó ewéko, ewéko ń fa omi mu. Èyí tó lè borí tiwa gan-an ni ọmọ Birch máa ń mú. Síbẹ̀ kò sí ìkórìíra láàrin wọn. Ọmọ tó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, bí a bá sì ti bá a jà kẹ́yìn ní ìlú Lilycove, ilé ló ń gbèrò láti padà sí.

Àwọn òǹkọ̀wé tó sọ eré náà di ìtàn mìíràn ní láti yan bàbá fún ọmọ. Nínú eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, Haruka jẹ́ ọmọ Norman. Nínú ìwé alálàwòrán tí Hidenori Kusaka kọ, ọmọbìnrin náà ń jẹ́ Sapphire, Birch ni bàbá rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Ruby ló jẹ́ ọmọ Norman. Iṣẹ́ méjèèjì tọ̀nà, nítorí eré náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé ẹnì kan ni akọni tòótọ́.

Àwọn géèmù Pokémon tó tẹ̀ lé Ruby àti Sapphire kò tọ ọ̀nà kan náà. Nínú Diamond àti Pearl ti 2006, ẹni tí a kò yàn di olùrànlọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowan, ẹlòmíràn ló sì ń bá wa díje. Nínú X àti Y ti 2013, ẹni tí a kò mú nínú Calem àti Serena tún padà di aládùúgbò àti abánidíje.

Nígbà tí ìdíje di ogun

Àwọn géèmù tó wá lẹ́yìn gbé ọ̀ràn náà dé ibi tó ń dunni. Nínú Assassin's Creed Odyssey tí Ubisoft gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Kassandra àti Alexios, ọmọ-ọmọ Leonidas ọba Sparta. A ó yan ọ̀kan nínú wọn. Ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kan ló tọ́ ẹnìkejì dàgbà, wọ́n sọ ọ́ ní Deimos, wọ́n sì sọ ọ́ di apani. Ọwọ́ òṣèré ló wà bóyá yóò mú ọmọ ìyá rẹ̀ padà wálé tàbí yóò pa á.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2019, Fire Emblem: Three Houses dé. Olùkọ́ ni òṣèré, yóò sì yan ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú mẹ́ta, tí Edelgard, Dimitri àti Claude jẹ́ olórí wọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ogun ti dé, àwọn ọmọ tí kò sí nílé tiwa sì wà ní ìhà kejì pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ní ọ̀nà méjì nínú eré náà, pápá Gronder tí wọ́n ti fi ìjà ṣeré nígbà ọmọdé ni wọ́n ti wá ń pa ara wọn.

Ọjà Àpòmù

Nígbà tí mo ronú lórí àwọn ogun inú géèmù wọ̀nyí, Àpòmù ló wá sí mi lọ́kàn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà níbẹ̀, àṣẹ sì wá sọ́dọ̀ Olówu, ọba Òwu, pé kó dá a dúró. Òwu jẹ Àpòmù àti àwọn ìlú mìíràn lábẹ́ Ifẹ̀ níyà. Ifẹ̀ dìde láti gbẹ̀san, Òwu ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn náà, ìjà lórí ataare ṣẹlẹ̀ láàrin oníṣòwò Òwu àti ti Ìjẹ̀bú nínú ọjà kan náà. Ìjẹ̀bú tó ní ìbọn dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé náà bá wọn lọ. Wọ́n dó ti Òwu fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, ebi pa ìlú, ìlú tú, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́.

Lójú ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n fẹ́ jí gbé, Olówu ni olùgbàlà. Lójú ìyálọ́jà Àpòmù tí ilé rẹ̀ jó, apanirun ni. Ará Ọ̀yọ́ tí Òwu gbèjà tẹ́lẹ̀ sì wà lára àwọn tó wá fọ́ Òwu. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí a bí ní ọ̀tá. Akin Mabogunje àti John Omer-Cooper kọ odidi ìwé lórí Òwu ní 1971, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ ju ìhà kan lọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà kò ṣàì ní àwọn tó ń ṣe géèmù. Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó ní 2012. Ní ọdún kan náà ni Abiola Olaniran, tó kàwé ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, wọ́n sì gba géèmù wọn sórí fóònù ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Ní Yaoundé, Kiro'o Games gbé géèmù akópa Aurion jáde ní 2016: Enzo ni akọni, àna rẹ̀ ló sì gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè mú àna yẹn darí, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí, ogun Òwu wà nílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè mú ọmọ Òwu, ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ oníṣòwò Àpòmù, kó sì bá àwọn yòókù pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní Ìkirè, Àpòmù àti Ararọ̀mí-Òwu, kí ìyẹn tó dé, ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti inú odi, lẹ́ẹ̀kan láti ìta rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.