Dọ́kítà eyín tí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ ní òwò

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ dọ́kítà, tí wọ́n fẹ́ dá dúró lọ́la, nítorí wọn la ṣe mú ìtàn yìí wá.

Ọdún 1872 ni wọ́n bí Edgar Randolph Parker ní New Brunswick, ní Kánádà. Ó kọ́ iṣẹ́ eyín ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 1892, ó sì padà sílé lọ ṣí ilé ìtọ́jú eyín. Ó jókòó títí, aláìsàn kò yà. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ eyín. Wọn kò kọ́ ọ bí ará ìlú yóò ṣe mọ̀ pé ó wà, àti iye tó yẹ kó gbà. Lójú àwọn àgbà iṣẹ́ náà, ìtìjú ni kí dọ́kítà polówó ara rẹ̀.

Parker bá gbé ìtìjú tà. Ó kó àwọn onífèrè síwájú, ó ń yọ eyín ní gbangba ní ìdajì dọ́là. Ó ní ẹni tó bá dùn, òun yóò fún un ní dọ́là 5. Nígbà tí àwọn aláṣẹ California ní kó má fi "Painless" polówó mọ́, ìyẹn "kò ní dùn ọ́", ó sọ ọ́ di orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1915. Ilé ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ tó bíi 30 kó tó kú ní 1952.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní ẹlẹ́tàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tálákà rí ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé ìgboro ló ti kọ́ òwò, ó sì kó rere àti búburú ibẹ̀ pọ̀.

Lónìí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ eyín ní Amẹ́ríkà ń kọ́ni bí a ṣe ń darí ilé ìtọ́jú. Àwọn ìyá wa lọ́jà ti mọ èyí tipẹ́: ẹni tí kò mọ ojú owó yàtọ̀ sí èrè, ojú owó ni yóò jẹ. Owó ilé wà níbẹ̀, owó oògùn wà níbẹ̀, owó oṣù nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bí dọ́kítà kò bá lè ṣírò wọn, ilẹ̀kùn yóò tì, ẹni tí eyín ń dùn lóru yóò sì wá ọ̀nà jíjìn rìn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ìṣirò owó mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n jèrè rẹ̀ o.