Ta Ló Ní Igbó Lásán Ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà Tẹ́lẹ̀?

Ẹ bi ẹni tó kọ́lé sí Igbó-Elérin, lágbègbè Ọ̀jọ́ l'Èkó, bí àdúgbò rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ fèsì. Á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, igbó dídí ni. Ẹ bi í nípa kánsù Ìbà, á ní Tinubu, nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, ló dá a sílẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ẹni tó kàwé ní LASU, á fi kún un pé yunifásítì ló bí Okokomaiko, pé ọpẹ́lọpẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá gbà, òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni ì bá ṣì máa gbé ibẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn tó kúrú kì í pẹ́ tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò tọ́, ó sì ń pa àwọn ará ibẹ̀ lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ti LASU ló rọrùn jù láti tú. Ọdún 1983, nígbà ìjọba Lateef Jakande, ni òfin tó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ jáde, Ọ̀jọ́ ni wọ́n sì fi olú ọgbà rẹ̀ sí. Bí dánfó bá ti Mile 2 bọ̀, tó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yunifásítì náà, kí ni kọ̀ndọ́ máa ń pè? "Ìyànà-Ìbà wà o?" Àwọn èrò á ní, "Ó wà o!" Ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìbà ni ibùdókọ̀ náà ń jẹ́, pẹ̀lú gbogbo òkìkí yunifásítì tó wà níbẹ̀, kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ ìlú Ìbà. Ìlú tí wọ́n ń yà lọ ti wà kí LASU tó dé, ó ti wà kí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ tó dé ní àwọn ọdún 1970.

Mo mọ ibi tí ìtàn náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Òótọ́ ni pé ilé kò pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó ṣe pọ̀ lónìí. Òpópónà ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà, ilé ìpàtẹ ọjà àgbáyé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Trade Fair, tẹ̀ lé e ní 1977, àwọn oníṣòwò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì kó wá sí Alaba ní ìparí àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn wọn ni Jakande kọ́ ilé àwọn mẹ̀kúnnù sí Ìbà. Èrò wọ́, ilẹ̀ ṣì rọ̀ lówó, kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi kún. Àmọ́ kí ilé tó kún ọ̀tọ̀, kí ìlú tó wà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á máa fi ọdún tí òun dé ka ọjọ́ orí ìlú.

Kí ló fà á gan-an tí a kò fi rí ìlú náà? Omi ni. Àwọn ìlú àtijọ́ ti àwọn Àwórì, àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, kò kọjú sí títì, ọ̀sà ni wọ́n kọjú sí. Lórí omi tó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì, tó sì dé Àjàṣẹ́, ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò àti ẹrù kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó dé. Ọ̀jọ́ wà létí omi náà. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n fi ń dáko, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ̀gbẹ́. Nígbà tí òpópónà dé, orí ilẹ̀ gbígbẹ yìí ló gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo wa gbà wọlé. Ẹ̀yìnkùlé onílé ni a gbà wọ ilé, a kò rí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà, a wá jáde sọ pé ilé náà ò lẹ́nìkan.

Omi náà kò tíì tán lára ìjọba ibẹ̀. Nínú wọ́ọ̀dù mẹ́wàá tí INEC kọ sílẹ̀ fún Ọ̀jọ́, Irewe àti Tafi wà lára wọn, àwọn ìlú tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò wọn. Bí a bá sì ṣí Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin 1999, níbi tó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, a ó rí i pé ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, bárò àti ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjà, ibi ìsìnkú, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ara ilé. Alága tó bá rò pé ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni kánsù òun mọ kò tíì ka iṣẹ́ tí wọ́n dìbò yàn án fún.

Àwọn kan máa ń fi orúkọ Igbó-Elérin gan-an jẹ́rìí: ṣebí igbó ló wà níwájú rẹ̀? Ó dára. Igbó-Ọrà náà ńkọ́? Igbó-Elérin mìíràn ṣì wà ní Lágelú, lágbègbè Ìbàdàn. Igbó tí kò ní ẹni tó ni ín kì í ní orúkọ. Àwọn tó ń bá ọdẹ wọ̀ ọ́, tí wọ́n mọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú ti aládùúgbò, àwọn ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò sì ní tẹ̀síwájú lórí orúkọ, torí ẹ̀rí tó lágbára jù ú lọ wà nínú àpótí ẹni tó ń sọ ìtàn igbó náà fúnra rẹ̀. Lọ́wọ́ ta ló ti ra ilẹ̀ tó kọ́lé sí? Kó mú ríìsíìtì wá ká jọ wò ó. Orúkọ ìdílé kan ló wà lókè, àwọn àgbà ìdílé tọwọ́ bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, ẹlẹ́rìí náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe òrùlé tán, ọmọ onílẹ̀ tún dé, wọ́n ní kò tíì san owó òrùlé. Ẹni tó ti sanwó fún onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún wá dúró láàárín àdúgbò pé ilẹ̀ náà kò ní ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu.

Ìjọba òyìnbó ti jiyàn yìí rí, ó sì jẹ̀bi. Ní 1913 wọ́n gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún iṣẹ́ ìjọba. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìjòyè onílẹ̀ tí wọ́n ka ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Olófin, baba ńlá àwọn Àwórì, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ ìran òun. Ìjọba ní kò ní ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, pé àṣẹ àbójútó lásán ló ní, owó kékeré ló sì tọ́ sí i. Àwọn ilé ẹjọ́ níhìn-ín gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá ẹjọ́ náà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ tí Olúwa ń ṣojú fún, pé kí òyìnbó sì tó dé ni ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ ti wà, kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba. Apápá kọ́ ni Ọ̀jọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà Àwórì kan náà ló wà lórí ilẹ̀ méjèèjì, irọ́ kan náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pa mọ́ ọn.

Ibi tí ìtàn igbó lásán yìí ti di òfin pátápátá ni Amẹ́ríkà. Ní 1785, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe Òfin Ilẹ̀, wọ́n ní kí àwọn awọnlẹ̀ lọ pín ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Odò Ohio sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì mẹ́fà níbùú, máìlì mẹ́fà lóròó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní township. Wọ́n tún gé e sí ọ̀nà 36, wọ́n sì fi ìpín kẹrìndínlógún pamọ́ fún ilé ẹ̀kọ́. Orí ìwé ni wọ́n ti parí ìlú kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé, àwọn olùgbé wá dé, wọ́n dìbò yan àwọn alábòójútó wọn. Ní Ohio títí dòní, àbúlé tí kò ju oko àgbàdo àti ilé díẹ̀ lọ ṣì ní alábòójútó mẹ́ta tí wọ́n ń dìbò yàn, tí wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n ń tọ́jú ibi ìsìnkú. Ó wuyì, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n náà kì í ṣe ahoro. Àwọn Shawnee àti Delaware wà lórí rẹ̀, ogun ni wọ́n fi lé wọn, wọ́n sì mú wọn tọwọ́ bọ ìwé ní Greenville ní 1795. Bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní Ọ̀jọ́, ènìyàn ló kọ́kọ́ wà, ìlà dé lẹ́yìn, wọn kò sì fi ogun lé onílẹ̀ kúrò. Ohun tó wá ṣòro fún mi láti lóye ni bí àwa tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa ṣe lọ yá ìtàn àwọn awọnlẹ̀ yẹn sọ.

Ó ku ìtàn Tinubu. Bí a bá ní ká tọ ipasẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà jìn. Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ òyìnbó ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn Èkó. Nígbà tó yá, agbègbè náà bọ́ sábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ 1952 ti mú ìbò wọ kánsù, tó sì fi ààlà sí iye àwọn ọba àti ìjòyè tó lè wà nínú ìgbìmọ̀. Kánsù Àwórì-Ajeromi wà ní ẹ̀ka Àgbádárìgì láyé ìgbà náà. Kánsù náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ: ẹ wo Awori-Ajeromi Grammar School tó wà ní Agboju. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti kú sáyà lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1967, Àgbádárìgì di ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún ìpínlẹ̀ náà. Àtúntò 1976 dé, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ló fún Èkó. Jakande sọ ọ́ di 23, àwọn ológun dé, wọ́n fagi lé e. Ní 1989, ìjọba Babangida gé Ọ̀jọ́ kúrò lára Àgbádárìgì. Kí Tinubu tó di gómìnà, kánsù ti ń dá sílẹ̀, ó ti ń tú ká, ó ti ń tún dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí wá ni Tinubu ṣe? Òfin tí wọ́n ṣe ní 2002 ló fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Èkó di 57. Ìgbà yẹn ni Ọ̀jọ́ pín sí mẹ́ta: Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀, Ìbà, àti Ọ̀tọ̀-Àwórì tó gba apá Ìjànikin. Wọ́n dìbò ní oṣù Kẹta 2004. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, ó ní kí wọ́n dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń gbé ọ̀kan, tí wọ́n á fi èkejì sílẹ̀. Èkíní, ààrẹ kò ní agbára láti di owó náà mú. Èkejì, iṣẹ́ tí Èkó ṣe kò lòdì sófin, àmọ́ kò tíì parí: kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kọ orúkọ àwọn tuntun náà sínú Ìwé Òfin. Ọbásanjọ́ lọ, Yar'Adua dé, ó dá owó padà ní 2007. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò kọ orúkọ kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní LCDA, agbègbè ìdàgbàsókè, tí kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ lójú òfin àpapọ̀.

Nítorí náà, àwọn tó ní Tinubu ló dá Ìbà sílẹ̀ ṣi í lọ́nà méjì. Ìlú Ìbà ti wà kí Tinubu tó dé. Kánsù Ìbà sì rèé, Tinubu bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, kò parí rẹ̀. Ìyìn tí wọ́n ń fún un fún ìkíní kò tọ́ sí i, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í nípa èkejì, wọn kò bi í.

Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí èyí ju àríyànjiyàn ìtàn lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú Ìwé Òfin. 774 ni wọ́n jẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, 20 ni ti Èkó. Orúkọ Ọ̀jọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ Ìbà kò sí níbẹ̀, ti Ọ̀tọ̀-Àwórì náà kò sí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje 2025, Èkó tún dìbò fún alága 57, alága mẹ́ta sì jókòó sórí owó tí yóò máa jáde ní orúkọ kan ṣoṣo. Bí gọ́tà bá dí ní Okokomaiko, tí ọ̀nà Igbó-Elérin bá di adágún nígbà òjò, tí wọ́n sì ní kò sówó, ẹni tó gbà pé gómìnà kan ló fi ọwọ́ kan dá kánsù sílẹ̀ á tún lọ máa bẹ gómìnà. Ẹni tó mọ bó ṣe rí á béèrè lọ́wọ́ aṣojú-ṣòfin tí ẹkùn Ọ̀jọ́ rán lọ sí Abuja: àbá wo ni ẹ gbé kalẹ̀ láti fi orúkọ Ìbà sínú Ìwé Òfin, ọjọ́ wo ni wọ́n kà á, ta ló sì ta kò ó?