Ewé Tí Kì Í Rọ: Ìtàn Àwọn Tó Fi Ìda Ṣe Igbó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kó àwọn ọmọ lọ sí American Museum of Natural History ní New York, láti wo gbọ̀ngàn àwọn ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà. Erin mẹ́jọ ló dúró ní àárín rẹ̀. Àpótí ńlá onígíláàsì 28 ló yí wọn ká, tí ẹranko, koríko àti igi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé inú igbó gan-an la wà. Diorama ni wọ́n ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹranko ni gbogbo ojú máa ń wò, ṣùgbọ́n ìtàn ewé tó wà níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Awọ ẹranko ṣe é fi pa mọ́, igi gbígbẹ náà kì í tètè bàjẹ́. Ewé tútù ni ìṣòro: bí a bá já a ní òwúrọ̀, kó tó di alẹ́ ó ti rọ. Ní àwọn ọdún 1880, ìdílé kan tí wọ́n ń jẹ́ Mintorn ń fi ìda àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ewé àti òdòdó yí àwọn ẹyẹ ká ní mùsíọ̀mù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò pẹ́ tí àwọn ará New York náà fi ránṣẹ́ pè wọ́n.

Carl Akeley ló wá sọ iṣẹ́ yìí di ńlá. Ní Chicago, òun àti Delia ìyàwó rẹ̀ ṣe àgbọ̀nrín sí àárín igbó ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọdún, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1902. Ewé tí wọ́n fi ìda ṣe fún iṣẹ́ náà tó 17,000. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn a tẹ́ ewé tútù sílẹ̀, wọn a da pílásítà lé e, irú amọ̀ funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Bó bá gbẹ, gbogbo iṣan ewé náà á ti hàn lára rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ìda gbígbóná àti òwú sí, wọn a fi wáyà tín-ín-rín ṣe igi ewé, wọn a sì kùn ún ní ọ̀dà.

Kì í ṣe ohun gbogbo ni wọ́n ń fi ìda ṣe. Ìtì igi, ẹ̀ka àti koríko gidi ni wọ́n máa ń lò. Wọn a sá wọn gbẹ, wọn a pa kòkòrò inú wọn, wọn a sì fi ọ̀dà dá àwọ̀ wọn padà. Àwọn ewé mìíràn sì wà tí wọ́n ń rẹ sínú gílísárìn, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń pa ara lásìkò ọyẹ́. Gílísárìn á gba ipò omi inú ewé, ewé náà kò sì ní gan mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni ìda jẹ́ fún wa. Ní ọdún 1938, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn New York yẹn, wọ́n wú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn baba wa ti fi ìda ya irú ojú bẹ́ẹ̀, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda dànù, wọ́n sì da idẹ sí ààyè rẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú kí wọ́n tó bí Akeley. Ní Ifẹ̀, ìda lọ, idẹ ló kù. Ní New York, ìda ló kù, ewé ló lọ.

Ní 1926, Akeley padà sí òkè Mikeno ní Kóńgò, níbi tó ti pa ìnàkí ní 1921, láti kó ewé àti igi ibẹ̀ wá fún àpótí ìnàkí. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán òkè náà, wọ́n sì kó ewé rẹ̀ wá sílé. Ta ló là ọ̀nà nínú igbó náà? Ta ló ru ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè? Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. A mọ orúkọ Akeley. Orúkọ tiwọn kò sí lẹ́nu ẹni tó ń wo àpótí náà. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí wọn, ewé kan kò ní dé New York.

Ìdí rèé tí a fi ń sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ níhìn-ín máa ń ní kí àwọn ọmọ wa fi páálí bàtà ṣe irú àpótí yìí. Bó bá kan Áfíríkà, ẹ má ra igi oníke. Ẹ ṣa ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ẹ fi ọwọ́ rún ewé gbígbẹ, ẹ sá ewé tíì tí ẹ ti lò kí ó di ilẹ̀ abẹ́ igi. Ọwọ̀ tí ẹ mú ti ilé wá, ara ọ̀pẹ ló ti wá. Ẹyọ díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ṣe imọ̀. Bí ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ máa sọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan fún ọmọ: ìrókò, àràbà, ọ̀pẹ, obì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn ará ilé wà lára igbó tí ọmọ yín bá gbé lọ sí ilé-ìwé.